Kì í Ṣe Ṣáínà Ló Gbé Google Lọ

Ìtàn kan wà tí kò fẹ́ kú lẹ́nu àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ààbò íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n á ní lóṣù Kọkànlá ọdún 2018, Ṣáínà àti Rọ́ṣíà gba ọ̀nà Èkó já Google gbà mọ́ ará ayé lọ́wọ́ fún wákàtí kan ó lé. Ìtàn náà dùn ún sọ. Ìjọba ńlá méjì wà nínú rẹ̀, ilé-iṣẹ́ tí ọmọdé mọ orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, Èkó tiwa náà sì rí ipò kan dì mú. Ẹni tó ń ta ẹ̀rọ ààbò fún báńkì àti ìjọba kò ní fẹ́ kó parẹ́, torí ó ń bá a pe oníbàárà. Àbùkù rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: kò rí bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ò fara sin. Lálẹ́ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 12 oṣù náà, lẹ́yìn agogo mẹ́wàá ní àkókò Nàìjíríà, àwọn tó ń lo Google ní ọ̀pọ̀ ibi lágbàáyé rí i pé ohun tí wọ́n ń wá ò jáde, lẹ́tà tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ ò sì lọ. ThousandEyes, ilé-iṣẹ́ kan ní San Francisco tó ń ṣọ́ ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì, wà lára àwọn tó tètè fura, nítorí iṣẹ́ ọ́fíìsì tiwọn gan-an dúró. Wọ́n tọ ipasẹ̀ dátà wọn, wọ́n bá a ní Ṣáínà. Ohun tó yẹ kó ti Amẹ́ríkà dé Amẹ́ríkà ti gba Rọ́ṣíà kọjá, ó dé ẹnubodè China Telecom, ibẹ̀ ló sì kú sí. Kò pẹ́ tí ariwo fi ta pé wọ́n ti jí Google gbé.

Lọ́jọ́ kejì ni MainOne sọ̀rọ̀. Ilé-iṣẹ́ yìí, tí Funke Opeke ọmọ Ilé-Olújìí dá sílẹ̀, ló fa okùn abẹ́ òkun tó gùn tó 7,000 kìlómítà láti Portugal wá sí Èkó lọ́dún 2010. Wọn kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì nídìí iṣẹ́ náà. Wọ́n kọ ọ́ sójú táyé pé àwọn làwọn ṣe é, pé àwọn ń ṣe àtúntò nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí àwọn ti là kalẹ̀ tẹ́lẹ̀, àwọn sì ṣi asẹ́ BGP àwọn tò. Ìṣẹ́jú 74 ló gbà kó tó bọ̀ sípò. Google náà ní ìta ni ìṣòro ọ̀hún ti wá, kò sì sí ohun tó ṣe iṣẹ́ àwọn fúnra wọn. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀. Kò parí, torí ẹ̀sùn olè yára lẹ́sẹ̀ ju ìjẹ́wọ́ àṣìṣe lọ.

N kò ní kí ẹnikẹ́ni pe àwọn tó kọ́kọ́ fura ní òmùgọ̀. Oṣù kan péré ṣáájú ni Chris Demchak, tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ ogun ojú omi Amẹ́ríkà, àti Yuval Shavitt ti Yunifásítì Tel Aviv tẹ ìwádìí kan jáde tó fẹ̀sùn kan China Telecom pé ó ti ń darí dátà àwọn ilẹ̀ mìíràn gba ọ̀dọ̀ ara rẹ̀ láti ọdún mélòó kan. Ẹni tó ti ka ìyẹn, tó wá rí orúkọ China Telecom nínú ọ̀rọ̀ Google, kí ni kò ní rò? Ṣùgbọ́n orúkọ yẹn kan náà ti kó àwọn oníròyìn sí kòtò rí. Lọ́jọ́ 8 oṣù Kẹrin ọdún 2010, China Telecom kéde ọ̀nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún àdírẹ́ẹ̀sì tí kì í ṣe tirẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 18. Nígbà tí ìgbìmọ̀ kan tó ń gba Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì Amẹ́ríkà nímọ̀ràn kọ ọ́ sínú àbọ̀ rẹ̀ lóṣù Kọkànlá, ìròyìn gbé e pé ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún dátà gbogbo ayé ló gba Ṣáínà kọjá. Ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀nà tó wà lákọsílẹ̀ ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe ti dátà tó ń rìn lórí wọn. Ọ̀nà kan wà tí dátà odindi orílẹ̀-èdè ń gbà, òmíràn wà tí ẹnì kan kì í gbà látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Nínú ìṣirò yẹn, ọgbọọgba ni wọ́n ka méjèèjì sí. Títí dòní mo ṣì máa ń rí ìdá 15 yẹn nínú ìwé àwọn tó yẹ kó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ọ̀rọ̀ MainOne tó lè yé ni, ó yẹ ká mọ bí dátà ṣe ń mọ̀nà. Íntánẹ́ẹ̀tì kò ní ọ̀gá kan tó gbé máàpù gbogbo rẹ̀ sọ́wọ́. Ẹgbẹẹgbàárùn-ún nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló so kọ́ra, oníkálukú ń ṣe ìjọba tirẹ̀, ó sì ní nọ́ńbà tirẹ̀. Nọ́ńbà Google ni 15169, ti MainOne ni 37282. BGP ni ìlànà tí wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀: kálukú ń kéde fún aládùúgbò rẹ̀ pé ẹni tó bá ń wá àdírẹ́ẹ̀sì báyìí báyìí, kó gba ọ̀dọ̀ òun. Aládùúgbò á gbà á gbọ́, á fi nọ́ńbà tirẹ̀ kún un, á sì sọ ọ́ fún ẹni tó kàn. Àlejò tó wọ Ìbàdàn, tó ń wá Mápó, tó ń béèrè ní oríta kọ̀ọ̀kan, kò mọ̀ bóyá ẹni tó dá a lóhùn ti débẹ̀ rí. Ibi tí wọ́n bá nawọ́ sí náà ni yóò yà sí. Bí dátà ṣe ń rìn nìyẹn. Ọdún 1989 ni wọ́n gbé BGP kalẹ̀, nígbà tí àwọn tó ń lò ó kéré débi pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ara wọn tán. Kò sí ìdí fún wọn nígbà yẹn láti máa bi aládùúgbò léèrè ẹ̀rí.

Àdéhùn wà láàárín aládùúgbò, oríṣi méjì ló sì wọ́pọ̀ jù. Nínú ọ̀kan, oníbàárà ń sanwó fún ẹni tó máa gbé e dé gbogbo ayé. Nínú èkejì, ẹgbẹ́ méjì ń fọwọ́ wẹwọ́ lọ́fẹ̀ẹ́: dátà oníbàárà mi sí oníbàárà rẹ, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. IXPN, tó ti wà l'Ékòó láti ọdún 2006, ni ibi tí wọ́n ti ń ṣe irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, kí lẹ́tà tó ti Sùúrùlérè ń lọ sí Ìkẹjà má baà lọ yọ sí Lọ́ńdọ̀nù kó tó padà wálé. Ibẹ̀ ni MainOne ti ń bá Google pàdé. Ọ̀nà tí Google fi hàn án níbẹ̀ wà fún àwọn oníbàárà MainOne nìkan. MainOne tún ní China Telecom ní aládùúgbò níbòmíràn. Òfin iṣẹ́ náà ni pé ohun tí o bá gbọ́ lẹ́nu ẹgbẹ́ kan, o ò gbọ́dọ̀ lọ sọ ọ́ fún ẹgbẹ́ mìíràn, asẹ́ tí ẹnjiníà kọ sínú ráútà ló sì ń dá a dúró. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni asẹ́ náà jò.

Ẹni tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i lè rí i. Ipa ọ̀nà tí àwọn tó ń ṣọ́ BGP gbà sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà kò ju nọ́ńbà mẹ́rin lọ:

20485 4809 37282 15169

Ọwọ́ ọ̀tún ni a ti ń kà á, torí ẹni tó bá kángun sí ọ̀tún ló ni àdírẹ́ẹ̀sì. Google, 15169, sọ ọ́ fún MainOne, 37282, bó ṣe yẹ. MainOne sọ ọ́ fún China Telecom, 4809. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti wọlé. China Telecom sọ ọ́ fún TransTelecom ti Rọ́ṣíà, 20485, òun náà ò sì bi í léèrè ohunkóhun. Àkójọ àdírẹ́ẹ̀sì 212 ló bá a lọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tí kò sí níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó yọ nọ́ńbà Google kúrò kó fi tirẹ̀ rọ́pò. Ọ̀rọ̀ náà ò bẹ̀rẹ̀ láti Ṣáínà. Àárín ìlà ni Ṣáínà wà, ohun tó gbọ́ ló tún sọ. Dátà ọ̀hún sì kú sójú ọ̀nà, èyí tó jẹ́ ẹ̀rí tó lágbára jù lójú tèmi. Amí tó fẹ́ ka lẹ́tà olólẹ́tà ní láti jẹ́ kó dé ọwọ́ ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí, kí ẹnikẹ́ni má baà fura. Kí ló fẹ́ fi ọ̀nà tó dí pa ṣe, tí igbe á fi ta láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan? Wọ́n tilẹ̀ ti fi kọ́kọ́rọ́ ìṣirò ti ọ̀pọ̀ jù lọ dátà Google pa kó tó gbéra nílé.

Àwọn tó gbà pé àṣìṣe ni náà sì tún ṣi ọ̀nà gbà. Wọ́n á ní, "Ṣebí ẹ ti gbọ́, kò sí háákà níbẹ̀," wọ́n á sì jókòó padà. Èmi ò bá wọn débẹ̀. Ihò tí àṣìṣe MainOne gbà jáde, olè lè gba ibẹ̀ wọlé. Lóṣù Kẹrin ọdún 2018 yẹn kan náà, àwọn kan gba inú nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan ní Ohio, tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ 10297, kéde àdírẹ́ẹ̀sì Amazon tó ń fi ojú òpó han àwọn tó ń wá a. Fún nǹkan bíi wákàtí méjì, ẹni tó bá tẹ MyEtherWallet láti wo owó kírípítò rẹ̀ lè bá ara rẹ̀ lójú òpó ayédèrú. Nǹkan bí dọ́là 150,000 ló bá a lọ. Ọdún mẹ́wàá ṣáájú, ní ọjọ́ 24 oṣù Kejì 2008, Pakistan Telecom fẹ́ dí YouTube mọ́ àwọn ará ìlú rẹ̀ nítorí àṣẹ ìjọba. Ìkéde náà jò gba Hong Kong jáde, YouTube sì kú mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lágbàáyé lọ́wọ́. Ẹ gbé àkọsílẹ̀ BGP ọ̀rọ̀ Ohio àti ti Pakistan ka iwájú ẹni tí kò gbọ́ ìtàn wọn. Kò ní lè sọ fún yín èyí tó jẹ́ ìwà ọ̀daràn. Ọlọ́pàá àti adájọ́ ló ń wádìí ohun tó wà lọ́kàn ènìyàn. Ráútà kò mọ̀ ọ́n, kò sì nílò rẹ̀: aládùúgbò tó bá ń yẹ ìkéde wò kó tó gbà á á dá asìnnà àti ọ̀daràn dúró pọ̀.

Àwọn tó mọ ìdí iṣẹ́ díẹ̀ sí i ní oògùn tiwọn. Wọ́n á ní bí gbogbo wa bá ti ń lo RPKI ni, ti alẹ́ ọjọ́ yẹn kì bá tí wáyé. Mo fẹ́ràn RPKI, ó sì wù mí kí gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì Nàìjíríà, Benin àti Tógò máa lò ó, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tirẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ẹni tó ni àdírẹ́ẹ̀sì buwọ́ lu ìwé ẹ̀rí kan lọ́dọ̀ àjọ tó ń pín àdírẹ́ẹ̀sì, tó jẹ́ AFRINIC ní Mauritius fún àwa ará Áfíríkà, pé nọ́ńbà báyìí nìkan ló láṣẹ láti kéde ohun ìní òun. Ráútà tó bá ń yẹ̀ ẹ́ wò á fi nọ́ńbà tó kángun sí ọ̀tún wé ìwé náà. Nínú ọ̀rọ̀ Ohio, 10297 ló wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ 16509 ni ti Amazon: bí ìwé bá ti wà, tí àwọn aládùúgbò sì ń yẹ̀ ẹ́ wò, ọwọ́ ì bá tẹ̀ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ní ti Èkó, 15169 ló kángun sí ọ̀tún, Google gan-an. Ìwé á bá a mu, ráútà á ní kó máa kọjá. Ẹni tó wà láàárín ìlà ló ṣe àṣìṣe, RPKI kì í sì í wo àárín.

Asẹ́ tó yẹ kó wà lọ́dọ̀ China Telecom ni ì bá gbà wá. Ó yẹ kí ráútà rẹ̀ mọ ohun tí MainOne lẹ́tọ̀ọ́ láti kéde, kó sì kọ ìyókù sílẹ̀. Láti ìgbà wo ni ilé-iṣẹ́ kan l'Ékòó ti di ojú ọ̀nà tí Ṣáínà àti Rọ́ṣíà ń gbà dé Google? Ibi tí mo ti dá Ṣáínà lẹ́bi nìyẹn, ẹ̀bi àìbìkítà, èyí tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà náà ti jẹ rí. Lọ́dún 2022, IETF, àjọ tó ń ṣe ìlànà fún íntánẹ́ẹ̀tì, gbé RFC 9234 jáde. Ó ń mú kí aládùúgbò méjì kọ́kọ́ fohùn ṣọ̀kan nínú ráútà wọn lórí irú àdéhùn tó so wọ́n pọ̀, kí wọ́n sì fi àmì sára ọ̀nà tí kò gbọ́dọ̀ rékọjá ibẹ̀. Ìtọ́jú tó bá àrùn Èkó mu nìyẹn.

Ìkọlù gidi wà o, ó sì sún mọ́ wa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá ọdún 2016, ìwé ìròyìn káàkiri ayé kọ ọ́ pé háákà ti gé odindi orílẹ̀-èdè Liberia kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àlàyé wọn tilẹ̀ mọ́gbọ́n wá: okùn abẹ́ òkun kan ṣoṣo, ACE, ló dé Monrovia, wọ́n ní òun ni wọ́n da dátà kún títí tó fi kú. Nígbà tí wọ́n yẹ okùn náà wò, kò sí ẹ̀rí pé ó dáwọ́ iṣẹ́ dúró rárá. Ilé-iṣẹ́ kan ni wọ́n dojú kọ, Lonestar, ti MTN. Ẹni tí ọwọ́ tẹ̀ kì í sì í ṣe ọmọ ogun ìjọba kankan. Daniel Kaye ni, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, tí òṣìṣẹ́ àgbà kan nílé-iṣẹ́ tó ń bá Lonestar du oníbàárà háyà, ní nǹkan bí dọ́là 10,000 lóṣù. Ilé ẹjọ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù rán an lẹ́wọ̀n oṣù 32 lóṣù Kìn-ín-ní ọdún 2019.

Ohun ìjà rẹ̀ ló yẹ kó kọ wá lóminú. Mirai ni wọ́n ń pè é, ètò kọ̀ǹpútà kan tí àwọn tó kọ ọ́ ti da sígboro ní ìparí oṣù Kẹsàn-án 2016, tí ẹnikẹ́ni lè mú lò. Á máa kan ìlẹ̀kùn kámẹ́rà ìṣọ́lé àti ráútà tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan, á gbìyànjú àwọn páásìwọ́ọ̀dù tí wọ́n bá inú páálí wá: admin, 12345, àtàwọn bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá ṣí, ó ti di ẹrú rẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá bá pàṣẹ, gbogbo wọn á máa da dátà tí kò wúlò lu ẹnì kan ṣoṣo títí ọ̀nà onítọ̀hún á fi kún. Lóṣù Kọkànlá ọdún 2016 yẹn kan náà, níbi tí Kaye ti ń wá ẹrú kún ẹrú, ó da iṣẹ́ ráútà rú mọ́ oníbàárà Deutsche Telekom tó tó 900,000 lọ́wọ́ ní Jámánì, bẹ́ẹ̀ kì í tilẹ̀ ṣe àwọn ló ń bá jà. Kámẹ́rà tó wà lẹ́nu géètì ní Lẹ́kì tàbí Bódìjà, tí ẹni tó wá so ó mọ́ ògiri fi páásìwọ́ọ̀dù inú páálí sílẹ̀ tó gbowó rẹ̀ lọ, ti múra tán láti jagun ẹlòmíràn. Onílé ò ní mọ̀. Kámẹ́rà náà á ṣì máa fi géètì hàn án lórí fóònù.

Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ ní Nàìjíríà, àwọn kan máa ń nàka sí ọmọ Yahoo. Ọmọ Yahoo kẹ̀! Bí ẹnì kan bá wà tó ń gbàdúrà tọ̀sán-tòru pé kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì má lọ, òun ni. Ibẹ̀ ló ti ń jẹun. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, okùn abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne, bàjẹ́ ní ọjọ́ kan náà nítòsí Abidjan, báńkì àti ilé-iṣẹ́ sì dá kú láti Èkó dé Accra. MainOne ní àyẹ̀wò àkọ́kọ́ àwọn fi hàn pé ó jọ pé ilẹ̀ abẹ́ òkun ló mì. Ẹ̀rọ ààbò tówó rẹ̀ gọbọi tó wà ní báńkì ò rí i, torí kò sí ohun tó fẹ́ wọlé. Àwọn tó ti gba àyè sórí Glo-1, tàbí Equiano, okùn Google tó gúnlẹ̀ sí Lomé àti Èkó lọ́dún 2022, ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ kò ju pé wọ́n ti sanwó fún ọ̀nà kejì kí ti àkọ́kọ́ tó já.

Lóṣù Kẹfà ọdún 2024, Ààrẹ Bola Tinubu fọwọ́ sí àṣẹ tó ka àwọn ohun èlò ìbánisọ̀rọ̀ sí dúkìá pàtàkì orílẹ̀-èdè, lábẹ́ òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2015. Ó dára láti fi mú ẹni tó ń gbẹ́ ọ̀nà tó ń já wáyà, àti ẹni tó ń jí bátìrì gbé nídìí òpó. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, kò sí ìkankan nínú ohun tí mo tò sókè yìí tí àṣẹ náà ì bá dá dúró kó tó ṣẹlẹ̀. NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, ló ń fún àwọn ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì níwèé àṣẹ, ó sì lè bi wọ́n nígbà tí wọ́n bá wá tún un gbà: ṣé asẹ́ wà lórí ohun tí oníbàárà yín ń kéde? Ṣé ẹ ti buwọ́ lu àdírẹ́ẹ̀sì yín ní AFRINIC? Bí wọ́n bá da dátà lù yín lóru, ta ni nọ́ńbà fóònù rẹ̀ wà lọ́wọ́ aládùúgbò yín? MANRS, ètò tí Internet Society bẹ̀rẹ̀ sí í gbé lárugẹ lọ́dún 2014, ti kọ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, àmọ́ ìfẹ́ inú ni wọ́n fi ń wọ̀ ọ́. Fún púpọ̀ nínú àwọn ìbéèrè náà, kò tilẹ̀ di dandan kí NCC kọ lẹ́tà. RouteViews ti Yunifásítì Oregon àti RIPE ní Amsterdam ń gba ìkéde BGP sílẹ̀ tọ̀sán-tòru, ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tó bá fẹ́ kà á. Ẹnjiníà kan tó jókòó sí Abuja lè ṣí i láàárọ̀, kó fi wé ìwé ẹ̀rí RPKI, kó sì mọ ilé-iṣẹ́ tó ṣì ń kéde àdírẹ́ẹ̀sì tí kò buwọ́ lù kó tó jẹun ọ̀sán.